Àkàrà Ṣáájú Ìwàásù

Ọ̀rọ̀ àsọyé ti òní dá lórí ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì bá, àti ohun tí ìgbàgbọ́ Kristẹni lè ṣe fún un. Ìtàn ọmọdé kan la ó fi bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1821, ogun já wọ ìlú Òṣogùn lójijì ní òwúrọ̀, nígbà tí àwọn ìyálé ilé ṣì ń dáná oúnjẹ àárọ̀. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí kò tíì ju ọmọ bí ọdún mẹ́tàlá lọ. Bàbá rẹ̀ sáré wọlé, ó ní kí wọ́n tètè máa sá lọ, òun náà sì padà síbi tí àwọn ọkùnrin ti ń dènà ọ̀tá. Ọmọ náà kò tún fojú kan bàbá rẹ̀ mọ́ láyé. Wọ́n so okùn mọ́ òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn ẹbí rẹ̀ mìíràn lọ́rùn, wọ́n kó wọn lọ sí Ìsẹ́yìn, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti pín wọn láàárín ara wọn. Wọ́n fi ọmọ yìí pààrọ̀ ẹṣin. Láti ìgbà náà ló ti di pé ẹnìkan ń tà á fún ẹlòmíràn, láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń sún un mọ́ etí òkun díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó fura pé àwọn òyìnbó Potogí ni wọn yóò tà á fún níkẹyìn, ìbẹ̀rù bò ó mọ́lẹ̀, oúnjẹ kò wọ ọ̀fun rẹ̀ mọ́, ó sì gbìyànjú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóru láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Àyà rẹ̀ kò gbà á láti ṣe é parí.

Òun fúnra rẹ̀ ló kọ gbogbo èyí sílẹ̀ nígbà tó dàgbà, nínú lẹ́tà kan tó fi ránṣẹ́ sí ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́ ìjíhìnrere CMS ní oṣù Kejì ọdún 1837. Àjàyí lorúkọ ọmọ náà. Òun ni ayé wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, aláwọ̀dúdú àkọ́kọ́ tí Ìjọ Áńgílíkà fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù, àti aṣáájú àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá.

Àwòrán Crowther wà lára ògiri ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa, nínú ẹ̀wù bíṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú irun funfun. Ilé ẹ̀kọ́ ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi mọ ọjọ́ tó joyè. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni àwọn tó ti gbọ́ rí pé ikú ti wu ọkùnrin yìí ju ìyè lọ nígbà kan. Ó sì dà bí ẹni pé a mọ̀ọ́mọ̀ fo ibẹ̀ ni, torí a ò fẹ́ kí àléébù wà lára ẹni mímọ́ wa. Àléébù kọ́. Ibi tí ọ̀dọ́mọdé tó ń gbọ́ rédíò yìí lóru, tí oorun kò kùn ún, ti lè rí ara rẹ̀ nínú ìtàn náà nìyẹn.

Bó bá jẹ́ pé lábẹ́ òfin tí àwọn òyìnbó amúnisìn fi sílẹ̀ fún gúúsù Nàìjíríà ni ọmọ náà ti ṣe ohun tó ṣe, ọ̀daràn ni wọn ì bá pè é. Abala 327 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn náà ní ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún kan jura. Ìpínlẹ̀ Èkó gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí wọ́n tún òfin tiwọn kọ. Wọ́n ní kí ilé ẹjọ́ darí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí ilé ìwòsàn.

Kí ló wá gbé Àjàyí dìde? Kì í ṣe ìwàásù ló kọ́kọ́ dé bá a. Lọ́jọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Myrmidon gba ọkọ̀ ẹrú tí wọ́n kó òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sí. Ẹ̀rù tún wá bà wọ́n ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Wọ́n rí ẹran tí wọ́n so rọ̀ nínú ọkọ̀ ogun náà, wọ́n rí ọta àgbá tí wọ́n tò jọ, wọ́n ní ẹran ara àwọn ẹlẹgbẹ́ àwọn nìyí, orí wọn sì rèé. Ìgbà tí wọ́n sún mọ́ ẹran ọ̀hún tí wọ́n rí pátákò ẹlẹ́dẹ̀ lára rẹ̀ ni ọkàn wọn tó balẹ̀ díẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún kan náà, wọ́n gúnlẹ̀ sí Freetown, ní ilẹ̀ tí àwọn bàbá wa ń pè ní Sàró.

Níbẹ̀, wọ́n fún un ní aṣọ, oúnjẹ àti ibi tí yóò máa sùn, ní abúlé kan tó ń jẹ́ Bathurst. Ó bá ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n jọ ń sọ èdè kan náà pàdé níbẹ̀, àwọn tí ogun ti kó ilé tiwọn náà. Ó tọrọ ààbọ̀ kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn láti fi ra ìwé a-b-d. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, ó ti ń ka Májẹ̀mú Tuntun ní èdè òyìnbó. Wọ́n kọ́ ọ ní iṣẹ́ káfíńtà mọ́ ọn. Ó ṣe ìrìbọmi lọ́jọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825, ó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga Fourah Bay ní ọdún 1827. Àsanò, obìnrin tó fi ṣe aya, inú ọkọ̀ ẹrú ni wọ́n ti gba òun náà là.

Ẹ wo bí nǹkan wọ̀nyí ṣe tẹ̀lé ara wọn. Oúnjẹ dé, aṣọ dé, ibùsùn dé, ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀ dé, iṣẹ́ ọwọ́ dé, ààbọ̀ kọ́bọ̀ tí ẹnìkan yọ lápò dé. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kò ṣaláì sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò dá rìn. Àárín wọn ló gbà wọlé.

Ẹni tó bá mọ Bíbélì rẹ̀ dáadáa, èyí kò ní yà á lẹ́nu. Nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí 18, Èlíjà borí àwọn wòlíì Báálì lórí Òkè Kámẹ́lì, iná sọ̀ kalẹ̀, òjò tí kò rọ̀ fún ọdún pípẹ́ sì rọ̀. Ẹ ṣí ojú ìwé kan péré, ẹ ó bá ọkùnrin yìí kan náà lábẹ́ igi nínú aginjù, tó ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó gba ẹ̀mí òun, torí Jésíbẹ́lì ti ranṣẹ́ ikú sí i. Áńgẹ́lì tó wá bá a kò bá a wí. Kò bi í pé ìgbàgbọ́ tó fi pe iná wá lánàá dà. Àkàrà tó ń gbóná lórí ẹyin iná ló gbé wá, àti omi. Èlíjà jẹ, ó mu, ó tún sùn. Áńgẹ́lì náà tún jí i, ó ní kó tún jẹun, nítorí ọ̀nà rẹ̀ jìn. Ó di ìgbà tó rin ogójì ọjọ́ dé Òkè Hórébù kí Ọlọ́run tó bi í ní ìbéèrè kankan. Ìdáhùn tó sì gbà níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ dídùn lásán: iṣẹ́ ni Ọlọ́run fún un, Ọlọ́run fún un ní Èlíṣà tí wọn yóò jọ máa rìn, ó sì jẹ́ kó mọ̀ pé ẹgbẹ̀rún méje ènìyàn ṣì wà ní Ísírẹ́lì tí kò tẹríba fún Báálì. Ẹni tó rò pé òun nìkan ló kù, wọ́n ka àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún un.

Pọ́ọ̀lù náà ńkọ́? Àgbà àpọ́sítélì ni, inú ẹ̀wọ̀n ló wà, ó sì ti mọ̀ pé ikú ò jìnnà sí òun mọ́. Nínú lẹ́tà kejì tó kọ sí Tímótì, lẹ́yìn gbogbo ẹ̀kọ́ ńláńlá inú rẹ̀, ó bẹ ọmọ náà pé kó bá òun mú ẹ̀wù òtútù tí òun fi sílẹ̀ ní Tíróásì bọ̀, kó sì tètè dé kí ìgbà òtútù tó bẹ̀rẹ̀. Kó mú Máàkù lọ́wọ́ bí ó bá ń bọ̀. Máàkù yìí kan náà ni Pọ́ọ̀lù ti kọ̀ láti bá rìn nígbà kan nítorí ó sá padà lójú iṣẹ́. Bánábà ni kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó mú un lọ sí Kípírọ́sì, ó fún un láyè láti tún un ṣe. Ká ní Bánábà náà ti pa ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn tì ni, ta ni Pọ́ọ̀lù ì bá ranṣẹ́ pè nígbà tó dàgbà tí ẹsẹ̀ dá lọ́dọ̀ rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ ẹ̀wù òtútù yìí kò ṣàjèjì sí àwọn ará wa tó wà ní London tàbí Manchester. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé pẹ̀lú búláòsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nínú oṣù Kìíní, tó ń dá gbé yàrá kan, tó ń ṣiṣẹ́ òru, kóòtù tí arábìnrin kan nínú ìjọ bọ́ fún un lè dúró lọ́kàn rẹ̀ ju gbogbo ìwàásù ọdún náà lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Crowther, torí òun náà wá di ẹni tó ń fún ẹlòmíràn ní ìṣírí, kò sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Lẹ́yìn tí wọ́n fi í joyè àlùfáà ní London ní ọdún 1843, òun àti àwọn òyìnbó ajíhìnrere méjì, Henry Townsend àti Gollmer, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù Kìíní ọdún 1845. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá tó ti ń retí wọn, kú lákòókò náà gan-an, ogun sì dí ọ̀nà. Nǹkan bí ọdún kan àti ààbọ̀ ni wọ́n fi há sí etí òkun. Ìyàwó Gollmer kú sọ́wọ́ wọn kí oṣù púpọ̀ tó kọjá. Ohun tí wọ́n ṣe nínú ọ̀fọ̀ àti ìdádúró yìí kò ní àrà kankan nínú: wọ́n kọ́lé, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, wọ́n ń wàásù fún ẹni tó bá dúró gbọ́. Ọ̀nà là ní ọdún 1846, Crowther àti Townsend sì wọ Abẹ́òkúta.

Oṣù tí wọ́n wọ ìlú náà kò tíì parí tí ìròyìn fi kan ìyá arúgbó kan ní abúlé kan nítòsí pé ọmọ rẹ̀ tí ogun kó lọ ti padà wálé. Lọ́jọ́ 21 oṣù Kẹjọ ọdún 1846, Àfàlá, ìyá náà, dé sí ẹnu ọ̀nà ilé àlùfáà tuntun náà. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti kọjá. Crowther kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ojúmọ́ rẹ̀ pé wọ́n dì mọ́ra, wọ́n ń wo ara wọn, ẹnu kò gbọ̀rọ̀. Ọwọ́ ìyá ń gbọ̀n, omi ń dà lójú rẹ̀, ó ń pè é ní àwọn orúkọ tí ìyá àgbà rẹ̀ máa ń pè é ní kékeré. Ìyá àgbà yẹn ti kú sí oko ẹrú. Wọn kò rí ohun púpọ̀ sọ, wọ́n kàn jókòó ti ara wọn ni.

Crowther tí wọ́n ti kọ́ ní ẹ̀kọ́ Bíbélì, tó gbọ́ Gíríìkì, tó sì ti wàásù ní Freetown, kò wàásù fún ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó jókòó ti í. Ó mú un sọ́dọ̀, ó ń tọ́jú rẹ̀. Ó di oṣù Kejì ọdún 1848 kí Àfàlá tó ṣe ìrìbọmi, lára àwọn àkọ́kọ́ tó gbàgbọ́ ní Abẹ́òkúta, ọmọ rẹ̀ ló sì ṣe é fún un. Hánà ló sọ ọ́, bíi ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì. Obìnrin náà gbé ayé títí di ọdún 1883.

Ìgbàgbọ́ Abẹ́òkúta kò pẹ́ tó fi rí ìdánwò. Ní ọdún 1849, wọ́n fi àwọn onígbàgbọ́ kan sí àbà, wọ́n nà wọ́n. Lọ́jọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 1867, ọjọ́ tí àwọn Ẹ̀gbá ń pè ní Ìfọ́lé, àwọn ènìyàn já wọ ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé àwọn òyìnbó ajíhìnrere, wọ́n wó wọn, wọ́n kó wọn lẹ́rù. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí Townsend fi ń tẹ ìwé ìròyìn rẹ̀, Ìwé Ìròhìn, náà bá a lọ. Gbogbo òyìnbó ajíhìnrere ló kúrò nílùú. Ẹni tó bá wo ọ̀rọ̀ náà láti London yóò sọ pé ó parí. Kò parí. Àwọn kan nínú àwọn onígbàgbọ́ ṣí lọ sí Ẹ̀bútè Mẹ́tta, níbi tí Gómìnà Glover ti fún wọn nílẹ̀, àwọn tó kù sì dúró sí Abẹ́òkúta lábẹ́ àwọn àgbà ìjọ tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa. Wọ́n ń kọ́ ara wọn, wọ́n ń sin òkú ara wọn, wọ́n ń bá ara wọn gbé ẹrù. Ìjọ tí gbogbo ènìyàn rò pé òyìnbó ló gbé e ró wá rí i pé àwọn gan-an ló ń gbé ara àwọn ró.

Ìran tó tẹ̀lé wọn rí tiwọn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi gbé àjàkálẹ̀ àrùn inúfúlúẹ́ńsà wọ Èkó. Ọkọ̀ ojú irin gbé e lọ sí òkè. Nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn ni àwọn òpìtàn fojú bù pé ó pa ní Nàìjíríà, nígbà tí gbogbo olùgbé orílẹ̀-èdè yìí kò ju bíi mílíọ̀nù méjìdínlógún lọ. Ìjọba ti ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ fojú inú wò ó: ikú wà nínú ilé, ilé Ọlọ́run tí ènìyàn ì bá sá lọ sì ti ní kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu.

Ní ìjọ Áńgílíkà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé fún àdúrà. Joseph Shadare, àgbà ìjọ, ni aṣáájú wọn. Sophia Ọ̀dúnlámì, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ olùkọ́, wà lára àwọn tó ṣe gudugudu méje nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni wọ́n wá ń jẹ́. Wọ́n ń wọlé tọ aláìsàn, wọ́n ń gbàdúrà lé e lórí, wọn kò sá. Látinú ẹgbẹ́ kékeré yìí ni ọ̀kan nínú àwọn orísun Ìjọ Àpọ́sítélì Kristi, CAC, ti ṣàn wá, èyí tí ìsọjí Òkè-Ooyè ní Iléṣà ní ọdún 1930, tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ṣíwájú rẹ̀, sọ di ohun tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá gbọ́. Ẹ má gbàgbé pé ọdún tí owó kòkó já wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé náà lọdún yẹn. Ẹni tí gbèsè ti mú lọ́rùn pọ̀ láàárín èrò tó rọ́ lọ sí Iléṣà.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí olùbánisọ̀rọ̀ yín kò lè bá wọn gbè. Ẹgbẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde náà fọwọ́ rọ́ gbogbo oògùn sẹ́yìn, ti ìbílẹ̀ àti ti òyìnbó, ó sì wà lára ohun tó mú wọn kúrò nínú Ìjọ Áńgílíkà ní ọdún 1922. Lọ́dún 1918, ó ṣe é gbọ́ yé: dókítà gan-an kò ní oògùn fún àrùn náà, ọdún 1933 ni wọ́n tó rí kòkòrò rẹ̀ mú lára ènìyàn. Omi, ìtọ́jú, ẹni tó dúró ti ibùsùn àti àdúrà, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun mìíràn. Ṣùgbọ́n ayé ti kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá ń sọ fún aláìsàn lónìí pé kó da oògùn nù kí ìgbàgbọ́ rẹ̀ lè pé, kì í ṣe ìgboyà àwọn ará Ìjẹ̀bú-Òde ló jogún, àṣìṣe wọn ló jogún.

Àwa náà rí tiwa ní ọdún 2020. Láti ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ni ìjọba àpapọ̀ ti ní kí Èkó, Ògùn àti Àbújá jókòó sílé. Ọjọ́ Àjíǹde bọ́ sí ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin, ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì sì wà ní títì. Rédíò àti fóònù ló di pẹpẹ. Bí ẹ bá bi àwọn ará ìjọ léèrè lónìí pé kí ni wọ́n rántí nínú àkókò náà, ìwàásù orí WhatsApp kì í sábà ṣáájú. Wọ́n á sọ ẹni tó pè wọ́n. Wọ́n á sọ ẹni tó gbé garí àti ìrẹsì wá sí ẹnu géètì, tó bo imú, tó dúró lókèèrè, tó kàn fẹ́ gbọ́ pé ará le.

Ó yẹ ká sọ̀rọ̀ àwọn atùnú tó ń dá kún ìbànújẹ́ náà, wọ́n pọ̀ láàárín wa. Àwọn Yorùbá ní ẹnu dùn ún ròfọ́. Obìnrin tí oyún bàjẹ́ lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ní kó wo inú ara rẹ̀ bóyá ẹ̀ṣẹ̀ wà níbẹ̀. Ọkùnrin tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó máa fún irúgbìn, nígbà tí owó ilé ìwé ọmọ kò sí. Opó tó ń sunkún, wọ́n ní kó dákẹ́, onígbàgbọ́ kì í sunkún, bẹ́ẹ̀ Jésù sunkún níbi òkú Lásárù. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù mẹ́ta ṣe dáadáa fún ọjọ́ méje àti òru méje: wọ́n jókòó tì í nílẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni wọ́n bà á jẹ́, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ sì bínú sí wọn ní ìparí ìwé náà.

Ìrẹ̀wẹ̀sì mìíràn sì wà tó ti di àìsàn. Bí oorun bá ti dá fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tí oúnjẹ kò wọ ọ̀fun, tí ènìyàn ń sọ pé ó sàn kí òun kú, ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ wà lára àdúrà náà. Abẹ́òkúta tún ni ọ̀rọ̀ gbé wa padà sí. Àrò ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ọdún 1954 tí gbogbo àgbáyé wá kọ́gbọ́n níbẹ̀. Kàkà kí wọ́n ti àwọn tí ọpọlọ ń dà láàmú mọ́ inú ilé, ó ní kí wọ́n máa gbé láàárín àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, kí ẹnìkan nínú ẹbí wà pẹ̀lú wọn, kí wọ́n máa gba oògùn àti ìtọ́jú, kí wọ́n sì máa bá àwọn ará abúlé ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe. Oògùn àti ará ilé, wọn kò ya ara wọn nípá. Ṣọ́ọ̀ṣì tó bá ní nọ́ọ̀sì àti dókítà lórí àga rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, kí ló dé tí kò lè ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ nínú oṣù fún irú iṣẹ́ yìí?

Ta ló ń tu atùnú nínú? Ìparí ayé Crowther fi hàn pé a máa ń gbàgbé ìyẹn. Lọ́jọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1864, wọ́n fi í joyè bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Leeke, ọ̀gá ọkọ̀ ogun tó gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú lọ́dún 1822, wà níjókòó, ó ti di ọ̀gágun ńlá. Iṣẹ́ etí odò Ọya ni Crowther lo iyókù ayé rẹ̀ fún. Nígbà tó di ọdún 1890, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó ajíhìnrere tí wọn kò tó ọmọ rẹ̀ jókòó nínú ìgbìmọ̀ kan ní Oníṣà, wọ́n ń dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró lójú rẹ̀, wọ́n sì sọ̀rọ̀ sí àgbàlagbà náà bí ẹni pé kò mọ ohun tó ń ṣe. Ó kúrò nínú ìgbìmọ̀ wọn. Ó kú ní Èkó lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891. Àwọn ìjọ agbègbè ẹnu odò Ọya kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1892, lábẹ́ Dandeson, ọmọ rẹ̀, wọ́n dá dúró lábẹ́ ìṣàkóso ara wọn. Ní ti àwọn tó wà ní England, ọdún 2014 ni Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Justin Welby tó tọrọ àforíjì ní Canterbury fún ohun tí wọ́n ṣe sí i. Àforíjì náà dára. Ó pẹ́ ní ohun tó ju ọgọ́fà ọdún lọ.

Pásítọ̀ yín náà lè rẹ̀wẹ̀sì. Ìyá ìjọ tó máa ń gbé oúnjẹ káàkiri fún aláìsàn lè lọ sílé kó máa dá sunkún. Àwọn tó ń dúró ti ẹlòmíràn ni ènìyàn kì í béèrè àlàáfíà wọn, torí gbogbo wa rò pé ó wà lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí, tí ayé sú yín lálẹ́ òní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe dá gbé e. Ẹ sọ fún ẹnìkan kí ẹ tó sùn, ìyá, ọ̀rẹ́, àlùfáà, aládùúgbò, kí ẹni náà sì bá yín lọ sí ilé ìwòsàn lọ́la. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ̀mí yín balẹ̀, ẹ ronú kan ẹni tí ẹ kò rí ní ìjọ láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ lọ kí i kí ọjọ́ Ìsinmi tó dé. Ẹ gbé oúnjẹ lọ́wọ́, ẹ jókòó ti í, kí ẹ jẹ́ kí òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.